Àbá Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la

Kò sẹ́ni tí kò ní káàdì ọ̀gá yìí lápò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pín in kiri. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ "Ọ̀MỌ̀WÉ" sókè, orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àmọ́ tí ojú yín bá dá ṣáṣá, tí ẹ sì gbé káàdì náà sún mọ́ iná, ẹ ó rí lẹ́tà tíntìntín kan nísàlẹ̀ pátápátá: "ó kù díẹ̀."

Díẹ̀ tó kù yẹn ti di ọdún mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la lẹ́yìn rẹ̀. Lójú rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé lásán là ń pè é, nítorí ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ní Ọ̀gbẹ́ni yóò gbọ́ àlàyé tí kò ní jẹ́ kó tètè délé.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń gba àbá ìwádìí wọlé. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, kí n máa kọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n bá sọ sílẹ̀, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń pa á mọ́. Ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ki ọ̀gá náà, kí wọ́n má baà sọ pé ìlara ló ń ṣe mí. Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la, ọkọ ìwé tí kò mọ ojú ewé kan! Agbéwèé-má-ṣí-i! Awọ-kóòtù-lójú-oòrùn-kí-wọ́n-lè-mọ̀! Ó ń gbé ìwé mẹ́ta há abíyá jáde láàárọ̀, ó ń gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há abíyá wọlé nírọ̀lẹ́, abíyá nìkan ló ń kà wọ́n!

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá síwájú ìgbìmọ̀, kó sọ ìṣòro tó fẹ́ wádìí. A kì í béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Ìbéèrè là ń béèrè. Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an? Lọ́wọ́ ta lo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Níbo? Ta ló ti béèrè rẹ̀ rí, kí ló sì kù tí ẹni náà kò rí? Ó rọrùn létí, àmọ́ mo ti rí àgbààgbà tó làágùn lórí rẹ̀ bí ẹni gbé irin.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ohun tí Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la gbé wá nìyí: "Ìṣòro ọmọ aráyé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní olónìí, àti ọ̀nà àbáyọ."

Alága wa, bàbá arúgbó kan tí kì í pariwo, wò ó láti òkè ìgò ojú rẹ̀.

"Níbo lo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà."

"Ìgbà wo lo máa parí?"

"Ìyẹn dọwọ́ Ọlọ́run, sà."

Wọ́n ní kó lọ gé e kúrú. Lọ́dún kejì, ó gé e kúrú lóòótọ́: ó yọ "àti ọ̀nà àbáyọ" kúrò. Lọ́dún kẹta, ó ní ìgbìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ òun kò yé, ló bá fi ilẹ̀, òkun àti òfuurufú kún un. Bírò mi gbẹ kí n tó kọ àkọlé yẹn tán.

Lọ́dún náà ni alága fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, ẹni tí ara ń yún, ó yẹ kó lè na ìka sí ibi tó ń yún un. Ìwọ ò lè sọ pé gbogbo ayé ló ń yún ọ."

"Sà, àjànàkú kì í ṣọdẹ kòkòrò."

"Àjànàkú kì í ṣọdẹ rárá. Ewé ló ń jẹ."

Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì sọ fún wa ní ọ̀ọ̀dẹ̀ pé alága ti fi òun wé àjànàkú.

Báyìí la ṣe dé ọdún kẹrin. Àyè kan ṣoṣo ló kù lọ́dún náà, ẹni méjì ló sì ń du ú. Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la ni ìkíní. Èkejì ni nọ́ọ̀sì kan tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀kan ni. Tó bá rí àyè wọlé lọ́dún yìí, kó máa lọ kàwé. Tí kò bá rí i, kó padà sídìí iṣẹ́, àwọn kò tún ní fún un mọ́.

Bébà kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì gbé wá fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: "Kí ló dé tí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń dìde lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn wa láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí wọ́n ń lọ sílé kí a tó pe nọ́ńbà wọn?"

Mo bi í bó ṣe rí ìbéèrè yẹn. Ó ní bàbá kan ni. Bàbá náà gba nọ́ńbà kọkànlélógójì, ó jókòó, ó dìde, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé e padà wá, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Nọ́ńbà yẹn ṣì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀.

"Èmi ni mo fún un ní nọ́ńbà náà, ẹ̀gbọ́n," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo rí i nígbà tó ń lọ. Mo rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀ ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láti ìgbà yẹn, ó ti ń kà wọ́n. Nínú ogójì tó bá gba nọ́ńbà, mọ́kànlá ló máa ń lọ. Kò mọ ìdí rẹ̀, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìbéèrè tí kò jẹ́ kéèyàn sùn ló yẹ kéèyàn lọ wádìí, ṣùgbọ́n ta ló bi akọ̀wé?

Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la bá wa níbi tí a dúró sí. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ, ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí náà ni ìṣòro? Ẹ ra tìmùtìmù sórí bẹ́ǹṣì, ó parí!"

"Ẹ̀yin ti mọ̀ pé bẹ́ǹṣì ni, sà? Èmi ò tíì mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ béèrè nìyẹn."

"Ẹ padà sídìí abẹ́rẹ́ yín, ẹ jàre. Ẹ fi ohun ńlá sílẹ̀ fún ẹni ńlá."

Nọ́ọ̀sì gba bébà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa kó má baà rún, ó ní, "Ó dáa, sà." Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu, mo sì gbé e mì, nítorí owó oṣù kò tíì wọlé.

Àṣé gbogbo ẹnu yẹn, òfìfo ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀gá kò tíì ní ìbéèrè kankan. Ló bá sáré lọ sọ́dọ̀ Atẹ̀wé, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu géètì ẹ̀yìn. Pátákó Atẹ̀wé sọ pé ó ń tẹ ìwé, ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ó sì ń lẹ ẹ̀yìn ìwé. Ohun tí pátákó náà kò sọ ni pé ó ń báni kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Òun ló bá Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la kọ ìwé àpilẹ̀kọ tó fi gboyè kejì lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mi ò mọ̀ nígbà náà o. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ tú tán ni Atẹ̀wé tó jẹ́wọ́ fún mi.

"Atẹ̀wé, mo fẹ́ ìṣòro."

"Ẹ̀yin fẹ́ ìṣòro, ọ̀gá? Ìṣòro tí a ní ò tó ni?"

"Ti ìwádìí! Kó kéré. Wọ́n ní èyí tí mo ń gbé wá ti ń tóbi jù. Àmọ́ kó jẹ́ kékeré tó gbayì. Kó má sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án rí."

Atẹ̀wé ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fáìlì tó wà níbẹ̀ lé ní igba, iṣẹ́ tó ti bá ọmọ aráyé ṣe láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é. Ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, ó na ìka sí ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́? 'Ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fi í dá ìwé padà sí láíbìrì lásìkò.'"

"Ó dáa gan-an! Ẹnikẹ́ni ò ṣe é rí?"

"Ọ̀gá, inú ọ̀rá ló ṣì wà."

Ìwé tí Atẹ̀wé tà fún un lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ló tún tà fún un yìí. Atẹ̀wé búra fún mi pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Oníbàárà pọ̀, òun kò sì kọ orúkọ wọn sára fáìlì, kí wàhálà má baà ṣẹlẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀gá tó rà á ńkọ́? Òun náà kò dá a mọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa rántí ohun tí kò kà rí? Nígbà yẹn, ó gba ìwé náà láàárọ̀, ó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí, ó fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ó gba oyè kejì. Ojú ewé ìkíní ni ojú rẹ̀ mọ, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, kò sì wo ohun mìíràn lójú ewé náà.

Ọjọ́ ìjókòó pé. Yàrá ìpàdé kún dẹ́nu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sẹ́yìn, àwọn ìgbìmọ̀ yí tábìlì gígùn ká, nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn ti ògiri pẹ̀lú bébà rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la wọ kóòtù aláwọ̀ ojú ọ̀run, bírò mẹ́ta lápò àyà. Ó ti pe ìyàwó rẹ̀ wá, ó pe ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì pe ayàwòrán pé kó má jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan bọ́.

Ó ka àkọlé rẹ̀ sókè. Ẹnu ya ìgbìmọ̀: ó kúrú, ó sì yéni! Alága gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo nọ́ọ̀sì, mo rí i tó dorí kodò. Ó mọ̀ pé tí èyí bá wọlé, ọ̀rọ̀ tòun ti tán nìyẹn.

"Ta ló ti ṣe é rí?" ni alága béèrè.

"Kò sẹ́nì kankan, sà! Nílẹ̀, lókun, lófuurufú, kò tíì sẹ́ni tó ronú kàn án!"

Ẹ wá gbọ́ o. Àṣà kan wà ní ìgbìmọ̀ wa. Ẹni tó bá sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí, alága á kọjú sí ìkangun tábìlì, níbi tí Ìyá Láíbìrì jókòó sí pẹ̀lú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ńlá rẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí ti ń tọ́jú gbogbo ìwé àpilẹ̀kọ tí wọ́n kọ níbí.

"Ìyá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá Láíbìrì kò ṣí ìwé rẹ̀ rárá. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó dìde, ó wọ yàrá kejì lọ, ó gbé ìwé aláwọ̀ ewé kan jáde, ó fi áńkáṣíìfù nu eruku ara rẹ̀.

"Àkọlé ẹ̀ rèé. Ọ̀rọ̀ kan ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà tán yìí. Mo ti gbàgbé orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àmọ́ mi ò lè gbàgbé ìwé náà láéláé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fọ̀rọ̀ wá olùtọ́jú láíbìrì lẹ́nu wò fún wákàtí mẹ́ta. Èmi ni olùtọ́jú láíbìrì. Ẹnì kankan ò bi mí ní nǹkan kan."

Ó gbé ìwé náà fún alága. Alága ṣí ojú ewé ìkíní. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wo Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la. Ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi díẹ̀, kí n lè rí ohun tó rí. Mo wò ó, ikọ́ sì gbé mi. Ikọ́ ni mo pè é.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni alága wí jẹ́jẹ́, "ó jọ pé ẹnì kan ti ṣe é. Kí lo rò nípa iṣẹ́ ẹni náà?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé náà ná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìwé á ní láti ṣí i.

"Áà, ìwé yẹn! Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo ti kà á tán láìmọye ìgbà. Ìwé yẹpẹrẹ ni. Ìdí tí mo fi sọ pé ẹnikẹ́ni ò ṣe é nìyẹn, torí mi ò ka ẹni yẹn mọ́ èèyàn."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí Ìyá sọ, sà. Ó parọ́ mọ́ àgbàlagbà! Ẹni tó lè parọ́ mọ́ Ìyá Láíbìrì, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní parọ́ mọ́? Gbogbo iye tó wà níbẹ̀, orí àga ló jókòó sí tó ń hùmọ̀ wọn!"

"O rò bẹ́ẹ̀?"

"Mo lè búra. Kò tiẹ̀ dá mi lójú pé òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Mo mọ irú wọn, sà. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ lọ."

Àwọn ìgbìmọ̀ ti ń gba ìwé náà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ti wò ó, á tẹrí ba, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára, ló bá tún gbóhùn sókè.

"Kí ló wá yẹ ká ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?" ni alága béèrè.

"Kí ẹ gba oyè náà lọ́wọ́ ẹ̀, sà! Kí ilẹ̀ òní tó ṣú!"

"Ṣé kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo dá a lábàá?"

"Kó kọ ọ́, sà. Kó fi bírò pupa kọ ọ́!" Ó yọ ọ̀kan nínú mẹ́ta àyà rẹ̀, ó nà án sí mi.

Mo gbà á. Mo kọ ọ́. Mi ò tíì fi ìdùnnú kọ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́tàdínlógún.

"Ó káre," ni alága wí. "Wá ka orúkọ ẹni náà fún wa, kí àwọn ará ẹ̀yìn náà lè gbọ́."

Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la fi ìyangàn rìn wá sídìí tábìlì. Ayàwòrán tẹ̀ lé e. Ó ṣí ìwé náà, ó la ẹnu láti kà á, ó sì pa ẹnu dé. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú.

Ìyàwó rẹ̀ tó wà níwájú na ọrùn, ó rí i, ó sì pàtẹ́wọ́. "Orúkọ yín mà ni, Daddy! Ẹ ti kọ ìwé rí, ẹ ò sọ fún mi!"

Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bóyá... bóyá ẹni tí a jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ni, sà."

"Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín tó wà lábẹ́ orúkọ náà ńkọ́? Ìyẹn náà ẹ jọ ń jẹ́ ẹ ni?" ni Ìyá Láíbìrì béèrè láti ìkangun tábìlì.

Alága gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ilé lè dákẹ́. "Mi ò ní bi ọ́ ní púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ta ló kọ ìwé yìí?"

Ẹ ò rí i? Ìbéèrè tó mọ níwọ̀n nìyẹn. Ìwé kan, ẹnì kan, ẹni tó mọ ìdáhùn sì dúró níwájú wa. Tó bá ní òun ni, òun náà ni òpùrọ́ tó parọ́ mọ́ Ìyá. Tó bá ní òun kọ́, kí ló ń fi oyè olóyè ṣe? Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó wo òkè àjà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fọwọ́ tú táì rẹ̀.

"Sà, ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí n lọ ṣèwádìí ẹ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lu àga, Ìyá Láíbìrì fi áńkáṣíìfù bo ojú. Ayàwòrán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ní kó má jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan bọ́, kò sì jẹ́ kó bọ́. Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la kó àwọn ìwé rẹ̀ há abíyá, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kejì.

Nígbà tí gbogbo ilé rọlẹ̀, wọ́n pe nọ́ọ̀sì. Ó bọ́ síwájú. Ó ka ìlà méjì rẹ̀.

"Ta ló ti ṣe é rí, nọ́ọ̀sì?"

"Mẹ́rin, sà. Ìyá Láíbìrì bá mi wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Méjì béèrè lọ́wọ́ dókítà, ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró. Kò sí èyí tó lọ bá àwọn tó lọ sílé."

"Tí ẹ bá bi wọ́n, tí wọn ò sì mọ ìdí ńkọ́?"

"Ìyẹn náà á jẹ́ nǹkan tí a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, sà."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó ní ìbéèrè. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ló wí. Nọ́ọ̀sì jókòó, ó sì sunkún díẹ̀. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, àmọ́ mo ní nǹkan láti kà.

Ó jẹ́ ìṣe wa kí akọ̀wé ka àwọn àbá tó wà nílẹ̀ kí ìpàdé tó tú ká. Mo dìde, mo tún ọ̀fun ṣe, mo ka èyí tí mo fi bírò pupa kọ: pé kí a gba oyè kejì lọ́wọ́ ẹni tó fi ìwé aláwọ̀ ewé yìí gbà á. Mo ka orúkọ ẹni tó dá a lábàá. Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́.

Gbogbo ọwọ́ tó wà nídìí tábìlì ló lọ sókè. Lọ́dún mẹ́rin gbáko tí Ọ̀mọ̀wé-Ọ̀la ti ń gbé àbá wá síwájú wa, ìyẹn nìkan ló wọlé.